Bí apá sítíárìn katakata bá há, ẹ má fi òòlù bá a jà

Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de àgbẹ̀ tí katakata rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ wa ló ń fojú fo sítíárìn tó ti ń mì títí àsìkò àtitúlẹ̀ yóò fi dé. Nígbà tí wọ́n bá wá ní kí wọ́n tú u, ibì kan náà ni iṣẹ́ sábà máa ń dúró sí: apá irin tó jáde lára àpótí gíà sítíárìn, tó ń ti ọ̀pá táyà iwájú. Ó ti há, kò sì fẹ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú Massey Ferguson 135, tí wọ́n ṣe ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1964 sí 1975. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Eyín wẹ́wẹ́ ló so apá yìí mọ́ ṣáàfù, nọ́ọ̀tì ńlá sì fún un pa. Ẹrẹ̀, òjò àti ìpẹtà ló parí iṣẹ́ yòókù.

Ẹni tó bá gbé òòlù, tó ń lu orí ṣáàfù, gíà àti bíárìn inú àpótí ló ń lù. Bí àpótí náà bá sán, wàhálà dé.

Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀. Ẹ sàmì sára apá àti ṣáàfù, kí ẹ lè dá a padà sójú eyín tó wà. Ẹ da dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ pò mọ́ ọ́ìlì sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ tú nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ tán, kí apá má baà fò lu èèyàn. Ẹ wá fi púlà fà á. Bó bá le, ẹ fi òòlù kan ti ẹ̀gbẹ́ apá náà, kí ẹ fi òmíràn kàn án ní òdìkejì. Ẹ lè fi púlà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Iná ni ìgbẹ̀yìn. Apá nìkan ni kí ẹ yá níná, kì í ṣe ṣáàfù, torí irin tó gbóná máa ń fẹ̀. Táǹkì epo kò jìnnà síbẹ̀: ẹ tú u kúrò, kí ẹ sì nu dísẹ́ẹ̀lì gbẹ kí ẹ tó ṣáná.

Bí eyín bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó apá pọ̀ mọ́ ṣáàfù. Bó bá já lójú títì, tí èèyàn wà nínú tírélà ẹ̀yìn, kì í ṣe katakata nìkan ni yóò ṣòfò.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.