Bí Iṣẹ́ Wọ́ọ̀dù Bá Ti Sú Nọ́ọ̀sì: Àwọn Ọ̀nà Mìíràn ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Muṣin

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní Ìgbóbì, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, àti ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni káàkiri Sùúrùlérè àti Muṣin, ẹ̀yin la kọ ọ́ fún. Gbígbé aláìsàn ti sọ ẹ̀yìn yín di ẹ̀yìn ríro. Iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí ẹ rójú àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá wá ń rò ó pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ọ̀lẹ. Ẹ lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn kí ẹ sì máa jẹ́ nọ́ọ̀sì lọ.

Wọ́ọ̀dù ni Kofoworọlá Abẹ́ni Pratt, ọmọ Èkó, náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́nì UCH Ìbàdàn. Ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ìjọba àpapọ̀, ó sì di Kọmíṣọ́nà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ọdún 1970.

Kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Ẹ wádìí ohun tó ń lé yín gan-an. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè fún klíníkì ọ̀sán níbi tí ẹ wà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan ló ń fojú yín rí màbo, ilé ìwòsàn mìíràn lè tó. Bó bá jẹ́ owó ni, ẹ ṣírò dáadáa, torí owó àjẹmọ́nú iṣẹ́ alẹ́ kì í sábà sí nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Àwọn iṣẹ́ tó wà nítòsí

*Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́.* Ilé iṣẹ́ pọ̀ ní Ìlúpéjú àti Matori. Bí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ kan níka, nọ́ọ̀sì á fọ egbò náà, á dì í, á sì béèrè ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá: ẹ̀rọ wo ni, aago mélòó ni, ta ló wà níbẹ̀. Ìwé yẹn lè gbe òṣìṣẹ́ náà nídìí, torí òfin ọdún 2010 fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́. Kó tó di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì á ti lọ wò ó bóyá ìbòrí ẹ̀rọ náà wà ní ààyè rẹ̀.

*Adójútòfò ìlera.* Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Èkó ní ètò tirẹ̀, ìyẹn Ìlera Èkó. Àwọn HMO, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, máa ń gba nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn á pè pé aláìsàn kan fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, pé kí wọ́n fún àwọn ní kóòdù àṣẹ. Nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ ní tíátà rí mọ oògùn àti àyẹ̀wò tó yẹ, kò ní dá aláìsàn náà dúró lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ béèrè o, àwọn kan ṣì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀.

*Iṣẹ́ ìwádìí.* NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn Nàìjíríà, wà ní Yábàá, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Unilag sì wà ní Ìdí-Àràbà. Nọ́ọ̀sì ló máa ń ṣàlàyé ìwádìí fún ẹni tó fẹ́ kópa kó tó fọwọ́ sí i, òun ló sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí oògùn bá bá ẹnì kan lára jà. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí Good Clinical Practice. Ẹ lè kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

*Ìkọ́ni àti ìlera àwùjọ.* Ẹni tó fẹ́ máa kọ́ni gbọ́dọ̀ ní dìgírì, kó sì forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ nọ́ọ̀sì. National Open University ń gba àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé àti ilé ìwé náà ń lo nọ́ọ̀sì.

*Kọ̀ǹpútà.* Àwọn iléeṣẹ́ ní Yábàá tó ń ṣe ètò àkọsílẹ̀ aláìsàn nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń pín oògùn ní wọ́ọ̀dù, tó sì lè kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ẹ ṣọ́ra

Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó ríṣẹ́, ẹ sá fún un. Bí ilé ìwòsàn bá rán yín lọ sí ilé ìwé tí ẹ sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ẹ ka ìwé náà dáadáa kí ẹ tó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Láísẹ́ńsì yín

Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà máa ń sọ láísẹ́ńsì dọ̀tun, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ MCPDP kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Láísẹ́ńsì yìí ló ya nọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ tí a kà sókè yìí, òun náà ni yóò sì gbà yín padà sí wọ́ọ̀dù bí ọkàn yín bá yí padà. Ẹ yẹ ọjọ́ tó wà lára tiyín wò lónìí. Bí ó bá ti fẹ́ parí, ẹ sọ ọ́ dọ̀tun kí ẹ tó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kankan.