Ẹ Yẹ Okùn Gìtá Wò Kí Ẹ Tó Bá Ọmọ Wí

Ẹ̀yin abiyamọ, ariwo gìtá tí ohùn rẹ̀ kò gún a máa sú ènìyàn púpọ̀ nínú ilé. Ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ta á láti ìrọ̀lẹ́, orin tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ kò jáde. Ìyá á sì pariwo láti ilé ìdáná pé, “Gbé e sílẹ̀, ìwọ kò ní etí orin!” Ọ̀rọ̀ yìí lè pa ìfẹ́ orin nínú ọmọ títí ayé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi náà lè má jẹ́ tirẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Gìtá tí okùn rẹ̀ kò dára kò yàtọ̀ sí igi lásán.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí okùn náà ti gbó tó. Òógùn ọwọ́ a máa mú kí okùn onírin dípẹtà. Bí ó bá ti dúdú, tí ó ń ha ìka, ohùn rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Okùn tuntun pẹ̀lú a máa nà, nítorí náà ohùn rẹ̀ yóò máa wálẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi okùn onírin sí gìtá tí a ṣe fún okùn ọ̀rá: agbára rẹ̀ lè fa igi tí a so ó mọ́ ya kúrò lára àpótí.

Lẹ́yìn èyí ni yíyí ohùn. Láti orí okùn tí ó nípọn jù, orúkọ wọn ni E, A, D, G, B àti E. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tàbí fóònù lè fún ọmọ ní ohùn E àkọ́kọ́. Kí ó wá tẹ E yìí ní ẹ̀bá irin karùn-ún tí ó dábùú ọrùn gìtá: ohùn tí ó bá jáde ni kí A ní. Bẹ́ẹ̀ ni yóò tẹ A fún D, àti D fún G. Irin kẹrin ni yóò ti tẹ G fún B. Yóò sì padà sí ìkarùn-ún láti fi B wá E tí ó kẹ́yìn. Bí okùn kan bá ga jù, kí ó dẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kọjá ibi tí ó yẹ, kí ó tó rọra yí i gòkè, kí ó má baà yọ̀ padà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Bí okùn bá ń kùn bí oyin, kí ọmọ sún ìka mọ́ irin. Bí kò bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọrùn gìtá ti wọ́. Ẹ tún ta okùn láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ta á ní irin kejìlá. Ó yẹ kí ohùn méjèèjì bá ara mu, bí ìgbà tí obìnrin àti ọkùnrin bá ń kọ orin kan náà. Bí wọn kò bá bára mu, ara gìtá ni àléébù wà. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn ìlò, ẹ má sì gbé gìtá sínú oòrùn, nítorí ooru a máa ba igi àti ohùn rẹ̀ jẹ́.

Bí ohùn bá ti gún régé, tí ọwọ́ ọmọ ṣì ń kọsẹ̀, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ. Ó ṣì ń kọ́ ọ ni.