Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àtọwọ́dá fún alùpùpù ìrìn-àjò

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àtọwọ́dá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ọ́ìlì sìǹtẹ́tíìkì, jẹ́ irú ọ́ìlì tí a kò kàn fọ̀ láti inú epo rọ̀bì lásán, ṣùgbọ́n tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì to mólékùlù rẹ̀ pọ̀ tàbí tí wọ́n tún un tò, kí ó lè fara da ìgbóná, òtútù àti iṣẹ́ àṣepẹ́. Alùpùpù ìrìn-àjò ni alùpùpù ńlá tí a ṣe fún ọ̀nà jíjìn, tí ó máa ń gbé ènìyàn méjì àti ẹrù wọn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lóòjọ́. Yíyan ọ́ìlì fún un gba àkíyèsí ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ọ́ìlì kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì tí ó dára púpọ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè ba kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù jẹ́, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Ọ́ìlì kan fún iṣẹ́ mẹ́ta

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àpótí jíà ní ọ́ìlì tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í pàdé. Àwọn tí ń ṣe alùpùpù, pàápàá àwọn ilé-iṣẹ́ Japan, kó gbogbo rẹ̀ sínú ilé kan kí àyè lè ṣọ́ kù, kí ìwúwo sì lè dín. Kílọ́ọ̀ṣì irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ jẹ́ àwọn àwo pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn, ọ̀kan jẹ́ irin, èyí tí ó tẹ̀lé e ní ìbòrí tí ó lè di nǹkan mú, sípíríìngì sì ń tẹ gbogbo wọn mọ́ra. Inú ọ́ìlì ni wọ́n ń gbé. Bí àwọn àwo náà kò bá di ara wọn mú ṣinṣin, agbára ẹ́ńjìnnì kò lè dé táyà ẹ̀yìn.

Ibí ni ọ̀nà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ti alùpùpù ti pínyà. Nítorí pé àwọn ìjọba fẹ́ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa mu epo díẹ̀, àwọn tí ń ṣe ọ́ìlì ọkọ̀ fi èròjà sí i, irú bí àwọn tí a fi molybdenum ṣe, tí ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin láìha ara wọn. Ohun tí ó jẹ́ èrè fún písítìnnì wá di òfò fún kílọ́ọ̀ṣì, nítorí pé èròjà náà ń lẹ̀ mọ́ ojú àwọn àwo, wọ́n sì ń yọ̀ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n dì. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kì í fara sin: ariwo ẹ́ńjìnnì ń ga sókè, ṣùgbọ́n eré alùpùpù kò pọ̀ sí i. Ó sábà máa ń kọ́kọ́ hàn nínú jíà òkè, nígbà tí ẹrù wúwo tí ọ̀nà sì ń gun òkè, ìyẹn gan-an ni ìgbà tí ẹni tí ó fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ àjàgbé nílò agbára jù lọ. Bí ó bá pẹ́, ooru yóò jó ojú àwọn àwo náà, pípààrọ̀ ọ́ìlì nìkan kò sì ní wò ó sàn mọ́.

Eyín jíà ní ìyọnu tirẹ̀. Láti mú kí ọ́ìlì má ṣàn jù nígbà tí ó bá gbóná, a máa ń po pólímà mọ́ ọn, ìyẹn mólékùlù gígùn bí okùn tí ń tú ara rẹ̀ ká nínú ooru tí ó sì ń dá kíki ọ́ìlì dúró. Nígbà tí eyín jíà bá ń tẹ ọ́ìlì láàárín ara wọn, wọ́n ń gé okùn wọ̀nyí wẹ́wẹ́. Ọ́ìlì tí ó wọ inú ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí 40 lè di 30 lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà díẹ̀, láìjẹ́ pé ohunkóhun jò tàbí jóná. Ọ́ìlì àtọwọ́dá gidi kì í sábà nílò pólímà púpọ̀, nítorí pé kíki rẹ̀ kì í yí padà kíákíá nígbà tí ìgbóná bá ń lọ sókè sódò. Èyí wà lára àǹfààní rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù fún alùpùpù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpolówó ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà á.

Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ìrìn-àjò ni a kọ́ báyìí. Àwọn ti Harley-Davidson tí ó ní písítìnnì ńlá méjì ní ibi ìpamọ́ ọ́ìlì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún kílọ́ọ̀ṣì àti ṣéènì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún jíà. BMW R 1200 GS tí afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ń tù lára lo kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí kò kan ọ́ìlì rárá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2013, nígbà tí BMW bẹ̀rẹ̀ sí fi omi tu ẹ́ńjìnnì náà, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹni tí ó ń lo èyí tí ó jáde ṣáájú 2013 tí ó sì ra èyí tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ọ́ìlì àná ni ọ́ìlì òní, bí orúkọ méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Kíka ohun tí a kọ sára ike ọ́ìlì

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì: JASO, SAE àti API. Nínú wọn, JASO ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò lórí alùpùpù. Ó jẹ́ òṣùwọ̀n àwọn ará Japan, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ T 903. Ohun tí ó bí i kò ju ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tí ń yọ̀ lọ. Nínú àyẹ̀wò rẹ̀, a ń fi àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì sínú ọ́ìlì, a sì ń wọn bí wọ́n ti ń di ara wọn mú tó nígbà tí wọ́n ń yí, nígbà tí wọ́n dúró, àti bí ó ti pẹ́ tó kí wọ́n tó dúró. Ọ́ìlì tí ó bá di kílọ́ọ̀ṣì mú gba àmì MA. MA pín sí MA1 àti MA2, èyí tí ó gbẹ̀yìn sì ni ó ń di nǹkan mú jù. MB ni a fún àwọn ọ́ìlì tí ń yọ̀; wọ́n wà fún àwọn alùpùpù kékeré tí bẹ́líìtì ń yí dípò jíà, tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kò sí nínú ọ́ìlì. MB kò yẹ alùpùpù ìrìn-àjò tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ́ìlì. JASO tún ṣe òfin lórí phosphorus: kò gbọdọ̀ dín sí 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọdọ̀ ju 0.12 lọ. Bí ó bá kéré jù, jíà yóò tètè jẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ba ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín mọ́ jẹ́.

SAE ni ó ń sọ nípa kíki. Nínú 10W-40, lẹ́tà W dúró fún ìgbà òtútù, 10 sì ń sọ bí ọ́ìlì ti ń ṣàn tó nígbà tí ó tutù. Ní -25 °C ni a ti ń dán 10W wò, ní -30 °C ni ti 5W, ní -15 °C sì ni ti 20W. Nọ́ńbà kejì ń sọ nípa kíki rẹ̀ ní 100 °C: ti 30 bẹ̀rẹ̀ láti 9.3 mm²/s, ti 40 láti 12.5, ti 50 láti 16.3. Ẹni tí ó fẹ́ kọjá lórí òkè Stelvio ní Ítálì, níbi tí ọ̀nà ti ga tó 2,757 m, lè bá yìnyín pàdé ní òwúrọ̀, síbẹ̀ 10W ju èyí tí ó tó lọ fún un. Ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, níbi tí ọyẹ́ gan-an kì í mú omi dì, nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀. Nọ́ńbà kejì ni kí a tẹjú mọ́.

API jẹ́ ti Amẹ́ríkà, lẹ́tà méjì ni ó sì ń lò, irú bí SG, SJ, SL, SM, SN àti SP tí ó jáde ní 2020. Lára àmì rẹ̀ tí ó rí roboto, kí ẹni tí ń ra ọ́ìlì wo apá ìsàlẹ̀. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ náà “Resource Conserving” tàbí “Energy Conserving” níbẹ̀, ọ́ìlì tí a ṣe láti dín epo ọkọ̀ kù ni. Honda kìlọ̀ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà Gold Wing pé kí a má ṣe lo irú rẹ̀. Ìwé náà béèrè fún SAE 10W-30 tí ó ní àmì JASO MA àti API SG tàbí èyí tí ó ga jù ú lọ. Kò sọ pé dandan ni kí ó jẹ́ àtọwọ́dá.

Kí ni a ń pè ní àtọwọ́dá?

Ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. API pín ọ́ìlì ìpìlẹ̀, ìyẹn ọ́ìlì kí a tó po èròjà kankan mọ́ ọn, sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní àti ìkejì jẹ́ èyí tí a fọ̀ láti inú epo rọ̀bì. Ìkẹta náà wá láti inú epo rọ̀bì, ṣùgbọ́n a ti fi háídrójìn, ìgbóná àti agbára ìfúnpá tún mólékùlù rẹ̀ tò débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìkẹrin ni PAO, tí a ń fi gáàsì ethylene bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ mólékùlù rẹ̀. Ìkarùn-ún gba gbogbo èyí tí ó kù, ester sì wà lára wọn. Mobil 1, tí ó jẹ́ kí àwọn onímọ́tò gbogbo mọ ọ́ìlì àtọwọ́dá, jáde ní 1974. Nígbà tí Castrol bẹ̀rẹ̀ sí lo ìsọ̀rí kẹta nínú ọ́ìlì tí ó ń pè ní sìǹtẹ́tíìkì, Mobil gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìpolówó ọjà wò ní Amẹ́ríkà. Ní 1999, ìgbìmọ̀ náà dá Castrol láre. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ọjà ju ọ̀rọ̀ kẹ́místrì lọ ní Amẹ́ríkà, ọ́ìlì méjì tí a kọ sìǹtẹ́tíìkì sí lára sì lè yàtọ̀ gédégédé nínú ohun tí a fi ṣe wọ́n. Èyí kò sọ ìsọ̀rí kẹta di ayédèrú: èyí tí a ṣe dáadáa tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù.

Ester ní ìtàn tí ó ti pẹ́. Òróró èso lárà, igi tí àwọn Yorùbá mọ̀ dáadáa nínú egbòogi, jẹ́ ester tí a ti inú ewéko rí. Charles Wakefield ní Gẹ̀ẹ́sì po ó mọ́ ọ́ìlì rẹ̀, orúkọ Castrol, tí ó jáde ní 1909, sì wá láti inú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe lárà. Òróró náà ń lẹ̀ mọ́ irin gbígbóná ju ọ́ìlì inú ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó di oje tí ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ester òde òní ní ìwà rere rẹ̀ láìní oje náà. Ó wọ́n, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ́ìlì alùpùpù eléré ìje ni ó ti wọ́pọ̀ jù.

Ibi tí ó ti wúlò jù

Ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù ni ó ń jèrè ọ́ìlì àtọwọ́dá jù. Harley-Davidson tí ó dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án gangan kò rí atẹ́gùn kankan tí yóò tù ú. Ọ́ìlì rẹ̀ lè gbóná kọjá ibi tí ọ́ìlì tí a fọ̀ láti inú epo rọ̀bì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí gé bí ẹ̀jẹ̀, tí ó ń dúdú, tí ó sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní 20W-50 àtọwọ́dá kan tí ó gbà kí a lò nínú ibi ìpamọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gold Wing yàtọ̀: omi ni ó ń tù ú, iná rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí náà ọ́ìlì lásán tí ó ní àmì MA, tí a sì ń pààrọ̀ lákòókò, kò ṣe é ní ibi. BMW tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì ń béèrè 5W-40 tí ó ní MA2. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà bá ti sọ báyìí, kò sí ohun tí a tún fẹ́ bi ẹnìkan léèrè.

Ìgbàgbọ́ pé ọ́ìlì àtọwọ́dá ni ó ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ ṣì gbilẹ̀ láàárín àwọn mẹ́káníìkì. Àwọn èròjà tí a ṣàlàyé lókè ni ó ń fa yíyọ̀, a sì lè bá wọn nínú ọ́ìlì tí a fọ̀ láti inú epo rọ̀bì pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé a kò gbọdọ̀ da ọ́ìlì méjì pọ̀. Bí ọ́ìlì bá dín lójú ọ̀nà, fífi ọ́ìlì lásán tí ó ní àmì MA kún àtọwọ́dá sàn ju kí ẹ́ńjìnnì gbẹ lọ; ohun tí a pàdánù kò ju díẹ̀ nínú agbára ìfaradà èyí tí ó dára jù.

Àtọwọ́dá kò sì sọ pé kí a jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ ju bí ìwé ti wí lọ. Èéfín dúdú, omi àti epo bẹntiróò tí kò jóná ń wọ inú rẹ̀ bí wọ́n ti ń wọ inú èyíkéyìí, wọ́n sì pọ̀ jù nínú alùpùpù tí a ń wà fún ìrìn kúkúrú láàárín ìlú, nítorí pé ọ́ìlì kì í gbóná pẹ́ tó láti lé omi jáde. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà fi ń ka kìlómítà àti oṣù pọ̀, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé ni a ó sì tẹ̀ lé. Fíltà ni kí a pààrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a bá ń wọn ọ́ìlì, àwọn alùpùpù kan gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, àwọn mìíràn yóò fara ti ẹsẹ̀ ìdúró wọn. Àwọn kan ni a ń wọ̀n nígbà tí wọ́n gbóná, àwọn kan nígbà tí wọ́n tutù. Ẹni tí kò bá ka èyí lè rò pé ọ́ìlì ti dín, kí ó sì bu èyí tí ó pọ̀ jù sí i, títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa lù ú di ìfófòó.