Kí Ẹ Tó Lẹ Táìlì Mọ́ Ògiri Balùwẹ̀ Yín

Owó tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ ni a fi ra táìlì nígbà tí a ń tún balùwẹ̀ ilé wa ṣe. Bíríkìlà dé ní òwúrọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí ó dé igun kejì, èyí tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àyè tí ó kù kò ju ìbú ìka méjì lọ. Ó gé táìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kì bọ ibẹ̀; wọn kò gún, òmíràn sì ti sán. Ibẹ̀ ni ojú wa kọ́kọ́ ń bọ́ sí nígbàkigbà tí a bá ṣílẹ̀kùn. Níkẹyìn, a fọ́ ọ kúrò, a sì tún ra òmíràn. Kì í ṣe ẹ̀bi oníṣẹ́ nìkan: àwa náà kò wọn ògiri kí a tó pè é.

Àdánù yìí ni a kò fẹ́ kí ó bá yín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ògiri wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 145 ní ìbú. Táìlì náà jẹ́ 20 ní ìbú, 30 ní gígùn. Odidi 7, pẹ̀lú àlàfo mílímítà 2 láàárín wọn, gba 141 ó lé díẹ̀. Ibẹ̀ ni tẹ́ẹ́rẹ́ ìyẹn ti wá. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a wá àárín ògiri, a fa ìlà tí ó dúró ṣánṣán, a sì jẹ́ kí táìlì méjì pàdé lórí rẹ̀. Odidi 3 bọ́ sí ọ̀tún, 3 sí òsì, igun kọ̀ọ̀kan sì gba gígé tí ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 11. Bí ó bá jẹ́ àárín táìlì ni a gbé lé ìlà náà, tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ìbá kù. Ẹ dán méjèèjì wò lórí ilẹ̀ kí ẹ tó po sìmẹ́ńtì; èyí tí gígé igun rẹ̀ bá ju ìdajì táìlì lọ ni kí ẹ mú.

Ètò yìí kan ọjà rírà pẹ̀lú. Ògiri wa ga tó 210. Bí a bá fi ìtóbi rẹ̀ nìkan ṣírò, táìlì 51 ni. Ṣùgbọ́n 8 lọ́nà 7 jẹ́ 56, nítorí a kò lè rí gígé igun méjì lára táìlì kan. Ẹ fi 6 lé e fún èyí tí yóò fọ́. Kí nọ́ńbà ara páálí wọn bára mu, kí àwọ̀ má bàa yàtọ̀.

Táìlì tí a gbé dúró a máa mú kí yàrá dà bí ẹni pé ó ga. Èyí tí a dá dùbúlẹ̀ a máa mú kí ó dà bí ẹni pé ó fẹ̀.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ balùwẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ síhà ihò omi. Ẹ kan pákó tí ó tẹ́jú dọ́gba mọ́ ògiri, kí ó má ga ju táìlì kan lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Orí rẹ̀ ni kí ìlà kejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá gan, ẹ yọ pákó, kí ẹ gé ti ìsàlẹ̀ bá ilẹ̀ mu.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi ń gba àlàfo táìlì kọjá. Nítorí náà, ẹ kun ògiri pẹ̀lú ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kí ẹ sì dán páìpù wò, kí táìlì tó bò ó.

Ẹ̀yin ọkọ àti aya, ẹ jọ jókòó ti téèpù àti bébà ní alẹ́ ọjọ́ kan. Wákàtí kan péré lè gba owó oṣù púpọ̀ là.