Ta Ló Ṣe Èwo? Ọ̀rọ̀ Orúkọ Nínú Ìdíje iGEM

Ní ọdún 2009, akẹ́kọ̀ọ́ méje ní Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ wọn tún jíìnì bakitéríà tò, títí kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ tí ojú lásán rí kedere: pupa, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò. E. chromi ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, òun ló sì gba ipò kìíní pátápátá lọ́dún yẹn nínú iGEM, ìdíje àgbáyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tún ẹ̀dá oníyè tò. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ iṣẹ́ yìí jù kì í ṣe bakitéríà inú àwo. Àpótí ìfàlọ́wọ́ kan ni. Wọ́n to ìgbẹ́ àfọwọ́ṣe sí inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, láti fi han aráyé bí ìwòsàn ṣe lè rí lọ́jọ́ iwájú: èèyàn á mu bakitéríà náà, bakitéríà á wá àìsàn kiri inú ìfun, àwọ̀ tí ìgbẹ́ bá sì gbé jáde ni yóò sọ irú àìsàn tó jẹ́. Ẹni tó bá rí àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Oníṣẹ́ ọnà méjì, Alexandra Daisy Ginsberg àti James King, tí wọ́n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣiṣẹ́ pọ̀, ni èrò yẹn ti ọwọ́ wọn wá. Bí a bá wá sọ pé Cambridge ló borí, ta gan-an là ń wí?

Ìbéèrè yìí kò kan Cambridge nìkan. Bí wọ́n ṣe dá ìdíje náà sílẹ̀ ló bí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, Tom Knight, Drew Endy, Randy Rettberg àti Gerald Sussman kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní yunifásítì MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún ẹ̀kọ́ ọlóṣù kan lórí bí a ṣe lè kan ẹ̀dá oníyè pọ̀ bí onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń kan ẹ̀rọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó di ìdíje láàárín ẹgbẹ́ 5. Ní 2005 wọ́n di 13, àwọn ará òkè òkun sì ti wà nínú wọn. iGEM kúrò lábẹ́ MIT ní 2012, ó di àjọ tó dá dúró. Láti 2022, Paris ni wọ́n ti ń ṣe àpéjọ àṣekágbá, ẹgbẹ́ tó sì ń kópa lọ́dún kan ju 300 lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin wọn ti jẹ́ pé iṣẹ́ kì í parí sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é: ẹ̀yà DNA tí ẹgbẹ́ kan bá ṣe yóò gba nọ́ńbà, yóò wọ àkójọ gbogbogbòò, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì mú un lò. Ní 2006, Chris Anderson ní yunifásítì Berkeley fi ọ̀wọ́ kan sílẹ̀ nínú àkójọ yìí, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ń pinnu bí jíìnì yóò ṣe ṣiṣẹ́ kíkan tó. Títí di òní ni àwọn ẹgbẹ́ ń lò wọ́n, orúkọ Anderson ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Nítorí náà, kò sí ẹgbẹ́ iGEM kan tó lè sọ pé òun nìkan ló ṣe iṣẹ́ òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá ìwádìí wà ńbẹ̀, olùkọ́ àti olùdámọ̀ràn wà ńbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń se ohun èlò kí kòkòrò àìfẹ́ má bàa kù sára rẹ̀ wà ńbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó fi DNA tọrẹ wà ńbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó kọjá náà sì wà ńbẹ̀.

Ohun tí iGEM ṣe sí èyí ni pé ó sọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ di dandan. Lára ohun tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà, tó jẹ́ èyí tó kéré jù, ni pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe àti ohun tí ẹlòmíràn bá wọn ṣe. Láti 2023 ni fọ́ọ̀mù kan náà ti wà fún gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn kan ka èyí sí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán, torí a kúkú mọ̀ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọpẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà ń béèrè. Ó súnmọ́ ìwé tí ẹbí máa ń kọ níbi òkú àgbà: lágbájá mú àpò ìrẹsì kan wá, tàmẹ̀dò san owó ìlù, àwọn àna ló ra màlúù. Kò sí ẹni tí yóò kọ “a dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín” sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ni kí wọ́n lè mọ ibi tí nǹkan ti wá. Nínú sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, mímọ ibi tí nǹkan ti wá jẹ́ ara ẹ̀rí tí iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ìdíje náà fúnra rẹ̀: ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò ju ọmọ ọdún 23 lọ lọ́tọ̀, àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́tọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé bá lọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ girama gbé wá, ìpín yẹn ti di irọ́, adájọ́ kò sì ní mọ̀ àfi bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sílẹ̀. Yàtọ̀ sí sísọ ẹni tó ṣe é, àkọsílẹ̀ náà tún ń sọ ẹni tí kò ṣe é.

Ìtàn DNA fúnra rẹ̀ fi ohun tí ọ̀rọ̀ àkópọ̀ máa ń bò mọ́lẹ̀ hàn wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1952, ní King's College, London, Raymond Gosling, akẹ́kọ̀ọ́ tí Rosalind Franklin ń tọ́ sọ́nà, ya àwòrán X-ray DNA tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fọ́tò 51. Wọ́n fi àwòrán náà han James Watson láìjẹ́ pé Franklin mọ̀. Nígbà tí Watson àti Francis Crick gbé ìwádìí wọn lórí bí DNA ṣe rí jáde nínú jọ́nà Nature ní oṣù kẹrin ọdún 1953, gbólóhùn kan ní ìparí sọ pé ohun tí àwọn mọ̀ lápapọ̀ nípa iṣẹ́ Wilkins, Franklin àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní King's College, tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde, wà lára ohun tó ta àwọn jí. Orúkọ Franklin wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka gbólóhùn yẹn lọ́dún 1953 kò lè mọ̀ pé àwòrán kan wà, ká má tíì sọ ẹni tó yà á. Òótọ́ ni pé Gosling àti Franklin ní ìwé tiwọn nínú ìtẹ̀jáde kan náà, wọn kò fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òpìtàn tó fọ ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, Franklin sì ti kú ní 1958, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó fún àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Gbólóhùn ìdúpẹ́ kan kò gbe Franklin àti Gosling. Ohun tí ìbá gbè wọ́n ni ìlà méjì tó sọ pé èyí ni àwòrán, èyí ni ẹni tó yà á, báyìí ló ṣe dé ọwọ́ wa.

Àwọn kan á ní kí a má sọ irú àkọsílẹ̀ yìí di àlàyé tí kò lópin. Ní 2015, àwọn onímọ̀ físíìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CERN gbé ìwádìí kan jáde lórí bí èérún Higgs ṣe wúwo tó. Ojú ìwé 33 ni, 24 nínú rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé àti ibi iṣẹ́ wọn, èèyàn 5,154. Kí ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún ẹnikẹ́ni? Mo gbà pé kò sọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn ibẹ̀ kì í ṣe pé orúkọ pọ̀ jù, orúkọ láìsí iṣẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn jọ́nà fi ń lo ètò CRediT lónìí, tó pín iṣẹ́ ìwádìí sí ọ̀nà 14: ẹni tó ní èrò, ẹni tó ṣe àyẹ̀wò, ẹni tó kọ sọ́fítíwíà, ẹni tó wá owó, ẹni tó kọ àkọsílẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iGEM pàápàá ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè ní orúkọ lórí iṣẹ́ kan kó sì ní ìtumọ̀. Ní 2018, yàrá ìwádìí 244 ṣe àyẹ̀wò kan náà láti mọ ọ̀nà tó dára jù láti ka iye bakitéríà tó wà nínú omi. Èsì rẹ̀ jáde nínú jọ́nà Communications Biology ní 2020, wọ́n sì ka àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà mọ́ òǹkọ̀wé lápapọ̀. Iye orúkọ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí yàrá tó ṣe é ṣe pọ̀ tó ló jẹ́ kí èsì náà ṣeé gbára lé.

Àtakò tó le jù ni ti ìjà. Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ tó ti jọ ń sùn sí yàrá ìwádìí látìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀, bí a bá ní kí wọ́n jókòó pín iṣẹ́ sí orúkọ, ọ̀rẹ́ á bàjẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìjà orúkọ kì í ti inú àkọsílẹ̀ wá, ìgbà tí àkọsílẹ̀ pẹ́ jù ló máa ń dé. Ẹgbẹ́ tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kó tó rántí ẹni tó ṣe kí ni, ohun tí wọ́n máa kọ ni ohùn ẹni tó lè pariwo jù. Èyí tó bá sì ń kọ ọ́ sínú ìwé yàrá ìwádìí lójoojúmọ́, àdàkọ lásán ló kù fún un. Àwọn míì ní irọ́ ni wọn yóò kọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa wádìí. Ṣé kò sẹ́ni? Níwájú adájọ́ ni ẹgbẹ́ ń dúró sọ iṣẹ́ wọn, àwọn adájọ́ sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ pé òun ló kọ ìṣirò, tí kò wá lè ṣàlàyé ìlà kan nínú rẹ̀, kò lè bo ara rẹ̀ pẹ́.

Ti àwọn onígbọ̀wọ́ ló máa ń mú mi ronú jù. Ìforúkọsílẹ̀ nìkan ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ìrìn àjò tún wà níwájú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe DNA ti fún àwọn ẹgbẹ́ ní ọ̀fẹ́ láìmọye ìgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà. Ẹ̀yìn aṣọ ẹgbẹ́ ni àmì ìdánimọ̀ wọn sábà máa ń wà, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, tí ẹni tó fún wọn ní DNA tí iṣẹ́ dúró lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ra oúnjẹ ọ̀sán. Ìpolówó nìyẹn, a kò lè dá wọn lẹ́bi fún un. Ṣùgbọ́n kò tó. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fún ẹgbẹ́ ní ẹ̀rọ ìwọn-nǹkan tó fẹ́ tà, tí ẹgbẹ́ náà sì wá kéde pé ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa, òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló fún wọn. Ibi tí ìdúpẹ́ fẹ́ parí sí ni ìjíhìn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ girama, tí òbí lè má fẹ́ kí orúkọ wọn kún ìta, ọ̀rọ̀ náà rọrùn: kọ iṣẹ́ náà, kí o sì fi ipò rọ́pò orúkọ.

Èyí tó kù tí wọ́n ṣì ń fà ni ti ẹ̀rọ tó ń dá ronú (AI). Ní 2023, ìgbìmọ̀ àwọn olótùú jọ́nà ìṣègùn lágbàáyé là á sílẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, torí kò lè dáhùn fún ohun tó kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo rò pé ìlà kan péré ló yẹ kí a fi kún fọ́ọ̀mù: bí ẹ̀rọ bá dá àbá bí a ó ṣe to DNA kan, kí wọ́n kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ àbá náà wò kí wọ́n tó fi owó àwọn onígbọ̀wọ́ ṣe é.