Apá Tòlótòló Tó Rọ̀, Láìbọ̀ Ọ́ Tẹ́lẹ̀

Bíbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ bọ apá tòlótòló kí a tó dín in, adùn rẹ̀ á sì bá omi lọ. Nínú ààrò gáàsì, bíbọ̀ kò pọn dandan. Iṣan ni ó pọ̀ nínú apá: iná líle a máa mú un le, ooru pẹ̀lẹ́ a sì máa yọ́ ọ.

Ẹ fi iyọ̀, ata gígún, atalẹ̀ àti áyù pa á lára, kí ó sùn nínú fíríìjì. Ẹ tò ó sínú páànù, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi fọ́ìlì bò ó pinpin. Wákàtí méjì ní ìwọ̀n ooru 160 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Ẹ má ṣe máa ṣí i wò. Gáàsì wọ́n, nítorí náà ẹ kúkú se èyí tí yóò kárí ilé. Lẹ́yìn èyí, ẹ ká fọ́ìlì kúrò, kí awọ rẹ̀ pọ́n ní 220 fún ìṣẹ́jú 20. Omi tó bá ṣẹ́kù nínú páànù, òun ni kí ẹ fi se ìrẹsì.