Òdòdó Erékùṣù Madagásíkà Nínú Àgbàlá Wa

Kò sí òbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí kò rí igi òdòdó kékeré tó wà lẹ́bàá ẹnubodè wa, tí òdòdó rẹ̀ funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Iyanrìn Awoyaya tí ń pa ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn kò rí i gbé ṣe.

Catharanthus roseus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Erékùṣù Madagásíkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ní Jàmáíkà, wọ́n ń se ewé rẹ̀ mu fún àtọ̀gbẹ. Ní 1952, dókítà Clark Noble ní Kánádà gba díẹ̀ nínú ewé náà láti ibẹ̀, ó sì fi wọ́n lé ọmọ ìyá rẹ̀, Robert, lọ́wọ́. Robert àti Charles Beer dán an wò lára eku. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn dín kù gidigidi. Láti inú àkíyèsí yẹn ni wọ́n ti rí oògùn vinblastine ní 1958. Vincristine tẹ̀lé e. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1963, òun sì wà lára àwọn oògùn tí a fi ń tọ́jú ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ títí di òní. Ẹ wo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá!

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí wa, ẹ má torí èyí já ewé rẹ̀ sínú àgbo. Májèlé ni oje rẹ̀. Ó lè ba iṣan ìmọ̀lára àti mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́. Nǹkan bí 500 kílò ewé gbígbẹ ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí gíráàmù vincristine kan ṣoṣo, dókítà nìkan ni ó sì mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín sílé, kí ó gbìn ín sínú oòrùn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ewúrẹ́ kò ti ní tó o.